Láàrin Ìdúróṣinṣin àti Ìdè: John Trollope ní Swindon Town, 1960 sí 1980

Ìfáàrà

Púpọ̀ nínú ohun tí a ti kọ sílẹ̀ lórí ìtàn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá lórí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá àti àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá sínú àwọ̀n. Ẹni tó dúró sẹ́yìn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé ohun tí ọ̀tá ń wá kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, kì í sábàá rí òpìtàn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún wá lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbà iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpele kẹta líìgì, orúkọ rẹ̀ kì í kọjá odi ìlú rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbé ìtàn John Trollope yẹ̀ wò, ẹni tó gba bọ́ọ̀lù ní ẹ̀yìn apá òsì fún ẹgbẹ́ Swindon Town láti ọdún 1960 sí 1980, tó sì gba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 770 fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yìí. Kò sí agbábọ́ọ̀lù mìíràn nínú ìtàn Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba tó bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan.

Olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n máa ń pe Trollope. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n ogún ọdún tó lò yìí gan-an ni ogún ọdún tí òfin tó so agbábọ́ọ̀lù mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tú díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí òpìtàn béèrè: èwo nínú dídúró rẹ̀ ni ìdúróṣinṣin, èwo sì ni ìdè? Bí a kò bá béèrè èyí, oríkì la ń kì, kì í ṣe ìtàn la ń kọ.

Ìlú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè

Ìletò Wroughton, tí kò jìnnà sí Swindon rárá, ni wọ́n ti bí Trollope ní oṣù kẹfà ọdún 1943. Ilé iṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n ṣí ní 1843 ló sọ Swindon di ìlú ńlá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ orí ọkọ̀ ojú irin, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń tún un ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 1960, ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Evening Star jáde níbẹ̀. Òun ni ọkọ̀ ojú irin elémìí gbígbóná tí rélùwéè ilẹ̀ Bìrìtìkó rọ kẹ́yìn. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan wọ pápá fún ẹgbẹ́ ìlú náà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú líìgì, nígbà tí wọ́n bá Halifax Town pàdé. Ìgbà ọkọ̀ elémìí gbígbóná ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìlú náà bí Trollope ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Bert Head ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Owó kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ ni Head fi kún ẹgbẹ́ rẹ̀. Mike Summerbee, Ernie Hunt àti Don Rogers jẹ́ ara wọn. Ní 1963, àwọn ọmọ yìí gbé Swindon kúrò ní ìpele kẹta lọ sí ìpele kejì. Ẹgbẹ́ náà kò dé ibẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti wọ líìgì ní 1920. Ọdún méjì péré ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó já padà ní 1965. Ohun tó tẹ̀lé e ló ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa: wọ́n lé Head, Summerbee lọ sí Manchester City, Hunt lọ sí Wolverhampton Wanderers. Trollope dúró.

Ìwé àdéhùn agbábọ́ọ̀lù

Kí òǹkàwé tó lè mọ ìtumọ̀ "dúró" nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ó gbọ́dọ̀ mọ irú àdéhùn tí agbábọ́ọ̀lù ń fọwọ́ sí ní 1960. Ohun méjì ló so ó. Èkíní ni òté owó: láti 1901 ni wọ́n ti fi iye kan lélẹ̀ tí ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ san kọjá. Pọ́n-ùn mẹ́rin ni lọ́sẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀; nígbà tí Trollope fi kọ́kọ́ wọ pápá, ó jẹ́ pọ́n-ùn ogún. Ìkejì ló le jù. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹgbẹ́ ti ní ẹ̀tọ́ láti di agbábọ́ọ̀lù mú kódà lẹ́yìn tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí. Bí sáà bá dópin, ẹgbẹ́ yóò kọ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ dì mú sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ kò lè bá ẹgbẹ́ mìíràn gba bọ́ọ̀lù nínú líìgì àyàfi bí àwọn tó dì í mú bá yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, ó lè jókòó sílé, kó má gba kọ́bọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù fúnra wọn fi ètò yìí wé oko ẹrú. Lójú tiwa, àfiwé náà kò bá a mu pátápátá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ti agbábọ́ọ̀lù yìí jù ní àṣà tiwa ni ìwọ̀fà, tó ní ilé tirẹ̀, tó sì lórúkọ láwùjọ, àmọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ó sì burú fún agbábọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá san gbèsè tí ìwọ̀fà ń sìn lé lórí, ó di òmìnira lọ́jọ́ náà. Agbábọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ kò jẹ gbèsè kankan, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè san.

Òfin yìí kò yọ ọmọ Yorùbá sílẹ̀. Nígbà tí Teslim Balogun ti Èkó, ẹni tí wọ́n ń pè ní "Thunder," gba bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní sáà 1956 sí 1957, ìpele kẹta ti apá gúúsù ni ẹgbẹ́ náà wà, Swindon sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Abẹ́ àdéhùn kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1961, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí Jimmy Hill jẹ́ alága rẹ̀, ti halẹ̀ pé àwọn yóò daṣẹ́ sílẹ̀, òté owó wó. Kò pẹ́ tí Johnny Haynes fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́sẹ̀ ní Fulham. Ṣùgbọ́n agbára láti di ènìyàn mú ṣì wà síbẹ̀. George Eastham, tí Newcastle United kọ́kọ́ kọ̀ láti yọ̀ǹda, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 1963, Adájọ́ Wilberforce dájọ́ pé dídi agbábọ́ọ̀lù mú lọ́nà bẹ́ẹ̀ dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ju bó ti tọ́ lọ. (Ìran William Wilberforce, ẹni tó jà fún òpin òwò ẹrú, ni adájọ́ yìí. Àwa tí a mọ ìtàn bí wọ́n ṣe gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822 kò lè gbójú fo irú orúkọ bẹ́ẹ̀.) Ìdájọ́ náà dín agbára ẹgbẹ́ kù, kò mú un kúrò. Ọdún 1978 ni agbábọ́ọ̀lù tó rí ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí ó ń lọ nígbà tí àdéhùn rẹ̀ bá parí, síbẹ̀ ẹgbẹ́ tuntun ṣì gbọ́dọ̀ san owó fún ẹgbẹ́ àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọjọ́ orí Trollope lé ìtàn yìí lórí. Nígbà tí Wilberforce dájọ́, ogún ọdún ni. Nígbà tí òmìnira ti 1978 dé, ọdún márùndínlógójì ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Èyí fi hàn pé nínú àwọn ọdún tí ara rẹ̀ le jù lọ, àwọn aláṣẹ Swindon ló ní ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lórí ẹni tí yóò lọ àti ẹni tí yóò dúró. Summerbee àti Hunt lọ nítorí pé ẹgbẹ́ gbà láti tà wọ́n. Ní 1972, wọ́n ta Rogers náà fún Crystal Palace, níbi tí Bert Head ti ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ ń ta àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti fi bọ́ àwọn tó kù. Ẹni ẹ̀yìn kì í sábàá mú irú owó bẹ́ẹ̀ wálé, bẹ́ẹ̀ ni ipò rẹ̀ kò rọrùn láti fi ọmọdé dípò.

Wembley, 1969

Ní sáà 1968 sí 1969, lábẹ́ Danny Williams, Swindon tún gòkè láti ìpele kẹta. Nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Líìgì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n pàdé Burnley, ẹgbẹ́ ìpele kìíní, kí wọ́n tó lè borí wọn ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 1969 ni wọ́n dojú kọ Arsenal ní Wembley. Ẹrẹ̀ ti bo pápá náà, nítorí pé wọ́n ti fi ẹṣin díje lórí rẹ̀ ṣáájú àkókò náà. Àṣìṣe láàrin Ian Ure àti aṣọ́lé Bob Wilson ló jẹ́ kí Roger Smart rí góòlù àkọ́kọ́. Bobby Gould dá a padà nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kù díẹ̀ kó parí. Nínú àfikún àkókò, Don Rogers gbá méjì wọlé. Ó di mẹ́ta sí ọ̀kan.

Orúkọ Rogers ni gbogbo ayé ń dá láti ọjọ́ náà, ó sì tọ́ sí i. Síbẹ̀, etí pápá apá òsì kan náà ni òun àti Trollope jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń sáré wọ ilé ọ̀tá nígbà gbogbo ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò ṣọ́ àyè náà fún ọgọ́fà ìṣẹ́jú nínú ẹrẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ kì í ka irú iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rí i yóò wá a nínú góòlù tí Arsenal kò rí gbá wọlé.

Ẹni tó bá gba Ife Ẹ̀yẹ Líìgì nígbà náà ló yẹ kó wọ ìdíje Fairs Cup ti ilẹ̀ Yúróòpù. Wọn kò gba Swindon láyè, nítorí pé ẹgbẹ́ ìpele kìíní nìkan ni òfin fàyè gbà. Ohun kan náà ni wọ́n ti ṣe sí Queens Park Rangers ní 1967. Arsenal tí Swindon ṣẹ́gun wọ ìdíje náà nípasẹ̀ ipò wọn nínú líìgì, wọ́n sì gba ife rẹ̀ ní 1970. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Roma ni wọ́n fi tu Swindon nínú; wọ́n pàdánù díẹ̀ ní Róòmù, wọ́n sì na Roma ní mẹ́rin sí òdo nílé. Ní 1970, wọ́n ń na Napoli ní mẹ́ta sí òdo nínú àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì nígbà tí ìjà àwọn òǹwòran fi òpin sí i kí àkókò tó pé. A kò rí bí a ṣe lè pe ọ̀ràn Fairs Cup ní ohun mìíràn bí kò ṣe ìrẹ́jẹ. Bí òfin ṣe de agbábọ́ọ̀lù mọ́ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ló de ẹgbẹ́ mọ́ ìpele.

Ìṣirò 770

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta (46) ni ẹgbẹ́ ìpele kẹta ń gbà nínú sáà kan nígbà náà, èyí tó wà ní ìpele kejì sì ń gba méjìlélógójì (42). Ẹni tó bá wà ní ìpele kẹta, tí kò pa ẹyọ kan jẹ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, 736 ni yóò ní. Láàrin ogún sáà, Trollope lo mẹ́tàlá ní ìpele kẹta, ó lo méje ní ìpele kejì, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ìpele kìíní rí. Títí di 1965, òfin kò gbà kí a fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó bá ṣèṣe, nítorí náà ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì tó ju ọ̀ọ́dúnrún (300) lọ ló gbà léraléra láìpa ọ̀kan jẹ, títí apá rẹ̀ fi ṣẹ́ ní 1968.

Jimmy Dickinson, tó gba bọ́ọ̀lù fún Portsmouth láti 1946 sí 1965, ló ti ní 764. Ní 1980 ni Trollope kọjá rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi gba èyí tó kẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fi oyè MBE dá lọ́lá. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣe àkíyèsí pé abẹ́ ètò ìdìmú àtijọ́ ni Dickinson ti lo iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nígbà tí Trollope gba ogún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ó kéré tán lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọdún tí ilẹ̀kùn ṣí yìí, tí ó lè jáde tí kò sì jáde, ni àwa yóò fi pè é ní olóòótọ́. Àwọn ọdún tó ṣáájú rẹ̀, a lè yìn ín fún okun àti sùúrù. Ìdúróṣinṣin nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ wọ́n.

Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù gbígbá, wọ́n fi Trollope ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ náà. Kò dára fún un. Ní 1982, Swindon já sí ìpele kẹrin fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ ní 1983. Iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ni ọwọ́ rẹ̀ tún padà sí. Ilé iṣẹ́ rélùwéè ìlú náà ti ilẹ̀kùn pa ní 1986. Paul, ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní 1972, ti Swindon bẹ̀rẹ̀, ó sì gba bọ́ọ̀lù fún Torquay United, Derby County, Fulham, Coventry City, Northampton Town àti Bristol Rovers kó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀.