Ìsàba adìyẹ ìbílẹ̀

Ìsàba ni bí àgbébọ̀ adìyẹ ṣe ń jókòó lé ẹyin títí tí yóò fi pa á, tí yóò sì máa tọ́ òròmọ rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni adìyẹ ìbílẹ̀ ń gbà pọ̀ sí i ní Ṣáṣá àti àwọn abúlé oko Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ní agbègbè Ìbàdàn. Kò gba iná mànàmáná, ìdí pàtàkì nìyẹn tó fi wúlò fún àgbẹ̀ kékeré.

Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ ń lò kí ó tó pa. Ẹyin ẹtù tí wọ́n kó sábẹ́ adìyẹ ń lò tó ọjọ́ 26 sí 28. Adìyẹ tó ń sàba kì í yé ẹyin, ó ń wú ìyẹ́, ó sì máa ń ṣọṣẹ́ fún ẹni tó bá fọwọ́ kan ìtẹ́ rẹ̀. Ó ń dìde fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́ láti jẹun, nítorí náà omi àti àgbàdo gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Agbọ̀n tí a tẹ́ koríko gbígbẹ sí dára fún ìtẹ́.

Ikán jẹ́ oúnjẹ aṣaralóore fún òròmọ. Àṣá, òjò àti àrùn Newcastle ló ń pa wọ́n jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún àrùn yìí. Bí wọ́n bá tètè gba òròmọ lọ́wọ́ ìyá wọn, ìyá náà máa ń tètè padà sí ẹyin yíyé.