Ohun Tí Kò Sí Nínú DNA Wa: Ibi Tó Yẹ Kí Àwárí Orí Kọ̀ǹpútà Ti Bẹ̀rẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) tó ń gbé Okokomaiko lè fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ yẹ DNA àwọn Yorùbá wò láìsan kọ́bọ̀, yàtọ̀ sí owó dátà. Ìbàdàn ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ tí DNA náà ti wá, fún iṣẹ́ ìwádìí HapMap. Iṣẹ́ ìwádìí 1000 Genomes náà lò ó, YRI ni wọ́n ń pè é. Èrò mi ni pé àìsàn ló yẹ kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà DNA.

Ẹ wo GATA. Lẹ́tà mẹ́rin yìí ni pùrótéènì GATA1 ń wá kó tó lè jí jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀. Bí a bá gbà pé kòńgẹ́ lásán ló to DNA, GATA á máa yọjú lẹ́ẹ̀kan nínú lẹ́tà 256. Nínú bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà tí ènìyàn ní, ó lé ní mílíọ̀nù 11, a ò sì tíì ka okùn DNA kejì. Kọ̀ǹpútà á tò wọ́n kalẹ̀ kíá. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Àìsàn ló lè sọ fún wa. Ní 1976, Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ibà Plasmodium vivax kì í mú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní àmì Duffy. (Láti ìgbà náà, wọ́n ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí ó mú, ní Madagascar pàápàá.) Ní 1995, Tournamille àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìdí tí àmì náà kò fi sí: jíìnì Duffy fúnra rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, CTTATCT ti di CTTACCT. TATC ni GATA tí a kà láti okùn kejì. T kan ṣoṣo di C, GATA1 kò sì ríbi jókòó mọ́.

Nínú YRI, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé C yìí ni gbogbo wọn ní. Nítorí náà, ẹni tó bá wá GATA nínú DNA wa kò lè rí ibí yìí láé, torí pé GATA ti kúrò níbẹ̀. Bó bá sì fi Yorùbá wé Yorùbá, kò ní í rí ìyàtọ̀ kankan. Àwọn àkójọ àwòṣe lẹ́tà bíi JASPAR á fi máàkì yọ àwọn èyí tí kò jọ dáadáa kúrò. Wọn kò lè fún ohun tí kò sí ní máàkì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Casgevy, ìtọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2023. GATA kan nínú jíìnì BCL11A, tó máa ń dín hẹmoglobin ọmọ inú kù, ló ń bà jẹ́. Àwọn tí hẹmoglobin ọmọ inú wọn kò wá sílẹ̀ lẹ́yìn ìbí ló tọ́ka sí jíìnì yẹn, kì í ṣe ẹni tó ń wá lẹ́tà.