Àwọn Aṣọ́bodè Tí Kì í Sùn

Ìlú kan ń bẹ nínú ìfun tèmi tìrẹ tí kò lọ́ba, tí kò níjòyè, síbẹ̀ tí kì í dàrú. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bí méjì péré nínú rẹ̀ ni gígùn ìlú náà. Bakitéríà ni, Escherichia coli lorúkọ rẹ̀. Dókítà ọmọ Jámánì nì, Theodor Escherich, ló ròyìn rẹ̀ ní 1885. Awọ ọ̀rá onípele méjì ló yí i ká nínú lọ́hùn-ún.

Bí oúnjẹ bá pọ̀, tí ibùgbé rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni yóò ti là sí méjì. Àárín gan-an ló sì gbọ́dọ̀ ti là! Bó bá là ní ìpẹ̀kun, kékeré tó já bọ́ yóò di òfìfo tí kò ní DNA, kò sì ní bímọ láéláé. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Adler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú àwọn òfìfo bẹ́ẹ̀ han aráyé ní 1967.

Ta ló ń wá àárín fún un, nígbà tí kò lójú, tí kò sì ní okùn ìwọ̀n?

Aṣọ́bodè mẹ́ta ni: MinC, MinD àti MinE, pùròtéènì ni gbogbo wọn. MinD yóò gba agbára ATP, yóò ya lu awọ ní ìpẹ̀kun kan, yóò lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, yóò sì fa MinC mọ́ra. Ibi tí MinC bá wà, èèwọ̀ ni lílà níbẹ̀. Àfi gbìì tí MinE bá dé! Á mú kí MinD ná ATP ọwọ́ rẹ̀ tán, MinD á já kúrò lára awọ, á máa léfòó kiri títí yóò fi rí ATP mìíràn gbà, á sì lọ lẹ̀ mọ́ ìpẹ̀kun kejì. MinE á tún lé e débẹ̀. Ní 1999, àwọn olùwádìí Raskin àti de Boer so pùròtéènì tí ń tàn bí iná aláwọ̀ ewé mọ́ MinD, wọ́n sì fojú rí lílọ bíbọ̀ náà, tí kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ.

Nítorí ìrìn yìí, àárín ni MinC kì í pẹ́ sí jù. Ibẹ̀ ni pùròtéènì mìíràn, FtsZ, ti ń kóra jọ di òrùka lábẹ́ awọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùwádìí Bi àti Lutkenhaus ti rí i ní 1991. Òrùka náà á pe àwọn amọ̀gánná jọ, ògiri bakitéríà náà á máa wọnú, awọ á máa tẹ̀ lé e, títí yóò fi pínyà pátápátá.

Èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ ní Jámánì. Ní 2008, Martin Loose, Petra Schwille àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ́ awọ ọ̀rá pẹrẹsẹ, wọ́n da MinD, MinE àti ATP lé e. Kò sí bakitéríà kankan níbẹ̀. Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í rú lórí ọ̀rá náà, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, láìsí ẹni tó ń darí wọn!