Pápá Gọ́ọ̀fù àti Gbàgede Ẹgbẹ́

Àgbẹ̀ tí ó bá kọ́kọ́ rí pápá gọ́ọ̀fù yóò ṣe kàyéfì. Yóò rí ilẹ̀ tí ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, tí a ti ro mọ́, tí a sì ti gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sí ebè kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Yóò rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré, tí wọ́n sì ń rìn tẹ̀lé e títí yóò fi bọ́ sínú ihò. Bí ó bá béèrè ohun tí a gbìn síbẹ̀, a óò sọ fún un pé eré ni. Ìdáhùn yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò pé. Ní ilẹ̀ wa, ìtàn pápá gọ́ọ̀fù ju ìtàn eré lọ. Ìtàn náà kò sì lè yé wa dáadáa bí a kò bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ tí àwa fúnra wa dá sílẹ̀ ní ìlú bí Òṣogbo àti Iléṣà.

Ilẹ̀ Scotland ni eré yìí ti gbilẹ̀, kì í sì í ṣe eré àwọn ọlọ́lá nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1457, ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà ṣe òfin pé kí a pa gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tì, nítorí pé àwọn ọkùnrin ń torí wọn gbàgbé ọfà títa, èyí tí ìlú nílò fún ogun. Ní ọdún 1764, àwọn ará St Andrews sọ iye ihò pápá wọn di méjìdínlógún, iye yìí ni gbogbo ayé sì wá gbà lẹ́yìn náà. Ohun kan tún wà nínú eré náà tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí. A máa ń fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dá ní ìgbá díẹ̀ tí a kò ní kà sí i lọ́rùn, kí òun àti ọ̀gá lè jọ figagbága láìsí ìrẹ́jẹ. Háńdíkáàpù ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, lórí pápá, eré yìí mọ bí a ti ń mú alágbára àti aláìlágbára dọ́gba. Ẹnu ọ̀nà pápá ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ibà ni ọ̀tá tí wọ́n bẹ̀rù jù lọ. Ní ọdún 1897, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Láti inú ìmọ̀ tòótọ́ yìí ni àwọn dókítà kan ti fa ìmọ̀ràn mìíràn yọ: wọ́n ní ara àwọn ọmọ Áfíríkà ni kòkòrò náà ń fi ṣe ilé, àti pé ohun tí yóò gba Òyìnbó là ni kí ó máa sùn jìnnà sí wọn. Lugard gba ìmọ̀ràn yìí wọlé. Lábẹ́ òfin ìlú tí ó jáde ní ọdún 1917, ètò rẹ̀ ni pé kí ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó 440 yáàdì wà láàárín àdúgbò Òyìnbó àti àdúgbò ọmọ ìlú, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́lé sórí rẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹ̀fọn kò lè fò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń dáná, tí ń fọṣọ, tí ó sì ń tọ́jú ilé, a yọ̀ǹda fún wọn láti máa gbé ní àdúgbò Òyìnbó, bí ẹni pé ẹ̀fọn mọ ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kò sí.

Ilẹ̀ òfìfo kò gbọdọ̀ di igbó. Kí ni a ó wá fi ṣe? A lè fi ṣe pápá eré ìje ẹṣin, tàbí pápá ìṣeré mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni pápá gọ́ọ̀fù sì bá a mu púpọ̀, nítorí pé ó ń gba ilẹ̀ gan-an, kì í sì í fẹ́ ilé. Báyìí ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba nígbà náà, ibi tí a ti ń ṣeré jẹ́ odi pẹ̀lú. Kò ní bíríkì, kò ní ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú mọ̀ pé odi ni.

Kí a wá wo inú kílọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1938, àwọn Òyìnbó dá kílọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀ ní Ìkòyí ní Èkó, European Club ni orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń jẹ́, ibẹ̀ sì ni gọ́ọ̀fù Èkó wá fìdí kalẹ̀ sí. Gbogbo kílọ́ọ̀bù gọ́ọ̀fù ní kapútẹ́nì, akọ̀wé àti pátákó ìkéde. Lórí pátákó yìí ni a ti ń ka orúkọ ẹni tí ó gba ife, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tí ó ń lọ sílé, àti ìgbà tí ìdíje tí ń bọ̀ yóò wáyé. Bí eré bá parí, a ó wọ ibi tí àwọn agbágọ́ọ̀fù ń fi ẹ̀rín pè ní ihò kọkàndínlógún, èyí tí í ṣe ilé ọtí. Níbẹ̀ ni ọ̀gá ilé iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ti ń pàdé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tí a kò gbà wọlé síbẹ̀ kò pàdánù ọtí nìkan. Ìròyìn ni ó pàdánù. Ẹni tí ó bá sì pàdánù ìròyìn, ẹ̀yìn ni yóò máa wà nígbà tí a bá ń pín nǹkan.

Àwọn ọmọ wa wọ pápá náà, ṣùgbọ́n àpò ọ̀pá ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Àwọn ni à ń pè ní kádì. Wọ́n ń rìn lẹ́yìn ọ̀gá, wọ́n ń wá bọ́ọ̀lù nínú igbó, wọ́n sì ń fi ojú kọ́ eré. Àwọn kan nínú wọn mọ pápá ju ẹni tí wọ́n ń gbé àpò fún lọ. Wọ́n mọ bí bọ́ọ̀lù ti ń sáré nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti bí ó ti ń wúwo lẹ́yìn òjò. Wọ́n mọ iyanrìn tí a fi epo pò, tí a sì tẹ́ yí ihò ká dípò koríko, nítorí pé koríko múlọ́múlọ́ ti ilẹ̀ Scotland kì í la ẹ̀ẹ̀rùn wa já láìsí omi púpọ̀. Láti inú àwọn agbápò yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́ òòjọ́ ti jáde.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó kò jókòó kí wọ́n máa wo odi. Ní ọdún 1926, wọ́n dá Yoruba Tennis Club sílẹ̀. Ní ọdún 1943, a dá Island Club sílẹ̀, níbi tí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ti lè jókòó sí ìdí tábìlì kan náà. Ní ọdún 1947, ilé ìtura Bristol ní Èkó kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá nítorí àwọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ti wá. Ariwo tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ débi pé ìjọba ní láti kéde pé ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ kò gbọdọ̀ sí mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀kùn àwọn kílọ́ọ̀bù ṣí. Lónìí, ọmọ Nàìjíríà ni ó kún inú wọn.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní òkè wa ní gbogbo àkókò yìí? Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ìlú náà sì di ọjà ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ Òyìnbó ń sáré wá sí. Iléṣà kò ní ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ó ní àwọn òṣómàáló. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní lórí ìlóṣòó náà ni àwọn yóò wà títí owó àwọn yóò fi pé. Ìrìnàjò kọ́ wọn ní ohun tí ìlú mìíràn ń ṣe, owó sì ń bá ìròyìn wọlé.

Láàárín irú àwọn ènìyàn báyìí ni Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ti jáde. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Kò sọ irú eré tí wọn yóò máa ṣe, kò sì sọ irú ẹni tí kò gbọdọ̀ wọlé. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ìlú ni wọ́n fi sọ ara wọn lórúkọ. Ẹgbẹ́ náà ní akọ̀wé àti ìwé ìpàdé bí kílọ́ọ̀bù Òyìnbó, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti inú ìpàdé wọn jáde ní ọdún 1934 ni Ilesa Grammar School. Ní ìgbà náà, ilé ẹ̀kọ́ girama kò pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ lè wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ọmọ tí a kò tíì bí lè wọ̀ ọ́ lọ́la. Ní ọdún kan náà tí àwọn kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pápá wọn, àwọn kan ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́.

Òṣogbo ní tirẹ̀ fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ẹgbẹ́ aláfẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ó fi oríkì ìlú jẹ́ orúkọ: Oroki Social Club. Ní ọdún 1971, Haruna Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà láti Ìjẹ̀bú-Igbó, gbé àwo orin kan jáde tí ó fi orúkọ ẹgbẹ́ yìí pè. Wọ́n máa ń sọ pé àwo náà tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ẹ wo bí ìròyìn ẹgbẹ́ ti yàtọ̀ sí ìròyìn orí pátákó. Èyí tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹni tí ó wà nínú ilé nìkan ni ó lè kà á. Èyí tí a gbé fún olórin, ẹni tí kò dé Òṣogbo rí gbọ́ ọ ní ilé ìgbéyàwó àti ní ibùdókọ̀. Ìyìn àwọn ènìyàn díẹ̀ di orin gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Kí a má tan ara wa jẹ. Ẹgbẹ́ tiwa náà ní odi. Aṣọ ẹgbẹ́ ti kó ọ̀pọ̀ ìdílé sí gbèsè. Owó ìwọlé ti dá ẹni tí kò ní lọ́wọ́ dúró sí ìta, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọkùnrin sì wà tí obìnrin kò ní ohùn nínú wọn bí kò ṣe ní ọjọ́ ìnáwó. Olórin pàápàá, ẹni tí ó bá náwó fún un ni ó ń kì. Ìyàtọ̀ tí mo ń tọ́ka sí ni pé ìlú lè bi ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè pé, "Kí ni ẹ ṣe fún wa?" Ìbéèrè náà a máa dun ẹgbẹ́, nítorí pé àárín ìlú ni wọ́n ń gbé. Kò sí ẹni tí ó lè bi kílọ́ọ̀bù Òyìnbó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò tiwa, gọ́ọ̀fù ti dé itòsí Òṣogbo, ọmọ ilẹ̀ wa ni ó sì gbé e wá. Ní ìlú Ada, Ọmọọba Túndé Pọ̀nńlé, oníléeṣẹ́ tí ń ṣe wáyà iná mànàmáná, kọ́ ilé ìtura àti pápá gọ́ọ̀fù MicCom. Èyí kì í ṣe odi tí ìjọba àjèjì fi lé ará ìlú sẹ́yìn. Ọmọ ìlú ni ó kọ́ ọ sí ilé. Àlejò ń bá a wọ ìlú, iṣẹ́ sì ń bá àlejò wọlé. Síbẹ̀, ìtàn tí a ti ń sọ bọ̀ kò jẹ́ kí á dákẹ́ síbẹ̀. Bí àwọ̀ kò bá jẹ́ odi mọ́, owó lè jẹ́ odi. Ilẹ̀ tí ihò méjìdínlógún ń gbà tó láti jẹ́ oko ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, nítorí náà gbogbo pápá ní ilẹ̀ wa, níbikíbi tí ó bá wà, jẹ ìlú ní ìdáhùn. Ṣé àwọn ọmọ agbápò ń rí ẹ̀kọ́ kọ́? Ṣé a ń jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé gbá eré náà ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀? Ṣé ìdíje tí a fi ń gba ife ń fi nǹkan sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn ìlú?

Háńdíkáàpù ni ohun tí ó dára jù lọ nínú gọ́ọ̀fù: kí a fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn ní àǹfààní díẹ̀ kí eré lè dùn. Àwọn Atúnlùúṣe lè má gbá gọ́ọ̀fù rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ òfin yìí. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ni àǹfààní tí wọ́n fún àwọn ọmọ tí ayé ti fi sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń pa òfin náà mọ́ lórí pápá, kí ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, a kì í sì í fi ọwọ́ tí a tì síta sọ̀yà.