Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ta Ló Kọ Lẹ́tà Yìí?

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, kó jókòó ti ẹni tó ń sọ ọ́, kó sì máa wo ojú rẹ̀; ìtumọ̀ òwe náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ojú rárá ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìyẹn lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń pè ní ímeèlì.

Ní Ìbàràpá tiwa, ojú nìkan kò tó ẹ̀rí. Ìlú ìbejì ni Igbó-Ọrà, láti ọdún 2018 ni wọ́n sì ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀. Àlejò máa ń rò pé gbogbo Táyé àti Kẹ́hìndé ìlú náà ló jọra débi tí a ò fi lè dá wọn mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà Patrick Nylander, tó ṣe ìwádìí lórí ìbejì ilẹ̀ Yorùbá, rí i pé nǹkan bí ìbejì 45 sí 50 ló ń wà nínú 1000 ìbímọ, ṣùgbọ́n inú ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá. Wọn kò jọra ju bí ọmọ ìyá ṣe ń jọra lọ. Àwọn díẹ̀ tó jọra tán ńkọ́? Àpá kan lẹ́sẹ̀, ohùn, tàbí ìrìn ni àwọn ará ilé fi ń mọ̀ wọ́n: ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì kò lè yá lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ẹ̀rúwà kan ní London gba ímeèlì pé: “Àkáǹtì tí à ń lò tẹ́lẹ̀ ti níṣòro. Ẹ fi owó kànga náà sí èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí.” Orúkọ alága ló wà lókè lẹ́tà. Bí alága ṣe máa ń kíni gan-an ni wọ́n ṣe kí i. Ṣé alága ló kọ ọ́? Òfin tí ímeèlì ń tẹ̀ lé, èyí tí Jon Postel kọ ní 1982, kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ̀yìn ápòòwé ni: orúkọ tó bá wu oníkálukú ló lè kọ síbẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gbé ímeèlì ti ń fi àmì tiwọn sára lẹ́tà báyìí, àwọn kan sì gbà pé ìṣòro ti parí nìyẹn. Kò tíì parí. Ohun tí àmì Google ń sọ ni pé ọ̀dọ̀ Google ni lẹ́tà ti jáde. Bí olè bá ti jí pásíwọọ̀dù alága, tó wọlé, tó sì kọ lẹ́tà, àmì náà yóò wà níbẹ̀ digbí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn èèyàn láti ní kọ́kọ́rọ́ orí kọ̀ǹpútà méjì: ọ̀kan ti gbangba tí a ń fún gbogbo ayé, ọ̀kan ti àdáni tí kì í kúrò lọ́wọ́ onílé. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bá gbọ́ èyí ni àṣírí. Wọ́n á ní, “Èmi ò ní ohun tí mò ń fi pamọ́, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?” Ìdajì ọ̀rọ̀ péré ni wọ́n gbọ́. Iṣẹ́ méjì ni kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni ìfipamọ́, kí ẹlòmíì má lè ka ohun tí mo kọ. Èkejì ni ìbuwọ́lù, kí ẹni tó gba lẹ́tà lè mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́, àti pé ẹnikẹ́ni kò yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀ lẹ́yìn mi. Lẹ́tà tí a buwọ́ lù lè wà ní gbangba ọjà kí ọmọ kékeré máa kà á. Lẹ́tà tí a tì pa, ẹ̀wẹ̀, lè ti ọwọ́ olè wá, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ gbangba yín wà níta fún ẹnikẹ́ni: olè náà lè mú un, kó fi ti irọ́ pa, kó sì fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ ó rí i pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣí i, ọkàn yín á balẹ̀, irọ́ ni ẹ ó sì bá nínú rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí. Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé àrokò ni kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, nítorí pé owó ẹyọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lè gbé ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń rù ú kò mọ̀. Ìfipamọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlàrí, ìyẹn ìránṣẹ́ Aláàfin. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ìdajì orí ni wọ́n ń fá, tí wọ́n á dá ìdajì sí. Orí yẹn kò pa ohunkóhun mọ́. Gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà ló ń rí i. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó sọ ẹni tó rán an. Ní Dàhómì náà, ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní màkpó ni ìránṣẹ́ ọba ń mú dání, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnu ọba ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Àléébù kan ló wà níbẹ̀: abẹ kò wọ́n, ẹni tó bá láyà lè fá orí tirẹ̀ náà, agbẹ́gilére sì lè gbẹ́ ọ̀pá mìíràn. Àmì tí gbogbo èèyàn lè rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe irú rẹ̀, ni ayé ń wá, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí i.

Ìtàn bí wọ́n ṣe rí i tún ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. James Ellis, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àṣírí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ rò ó ní 1970 pé èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ láìjẹ́ pé ẹni méjì ti pín kọ́kọ́rọ́ tẹ́lẹ̀. Clifford Cocks rí ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ní 1973. Wọ́n gbé e pamọ́ títí di 1997. Ìfipamọ́ ni àkọsílẹ̀ Ellis dá lé. Whitfield Diffie àti Martin Hellman ló wá sọ ní gbangba ní 1976, ní Amẹ́ríkà, pé kọ́kọ́rọ́ méjì kan náà lè di ìbuwọ́lù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Rivest, Shamir àti Adleman rí ìṣirò tó mú un ṣeé ṣe, èyí tí à ń pè ní RSA. Phil Zimmermann fi í lé ará ilé lọ́wọ́ ní 1991 pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ PGP. Ìjọba Amẹ́ríkà fi ọdún mẹ́ta wádìí Zimmermann lórí rẹ̀ kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀ ní 1996. Ní Jámánì, Werner Koch ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, GnuPG, tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo bí gbágùúdá ṣe ń di láfún. Ẹni tó bá rí ìyẹ̀fun náà kò lè kó o padà di gbágùúdá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń lọ gbogbo lẹ́tà kúnná, ìbáà ṣe ìlà méjì tàbí ogún ojú-ewé, títí yóò fi di nọ́ńbà kan tí gígùn rẹ̀ kì í yí padà. Bí a bá fi kọ́mà kan ṣoṣo kún lẹ́tà náà, nọ́ńbà mìíràn pátápátá ni yóò jáde. Nọ́ńbà yìí ni kọ́kọ́rọ́ àdáni ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ohun tó bá sì jáde ni ìbuwọ́lù. Kọ́kọ́rọ́ gbangba lè yẹ̀ ẹ́ wò, kò lè ṣe irú rẹ̀, nítorí pé ìṣirò tó rọrùn ní àlọ, tó ṣòro ní àbọ̀, ló so kọ́kọ́rọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé ìṣirò á tètè rí i pé 61 ní ìlọ́po 53 jẹ́ 3233. Ẹ wá fún un ní 3233 nìkan pé kó wá nọ́ńbà méjèèjì, ẹ ó rí i bí òógùn ṣe máa bò ó. Nọ́ńbà inú kọ́kọ́rọ́ RSA òde òní sì lè ní dígíìtì tó nǹkan bí 925.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń fi kọ́kọ́rọ́ gbangba wé àgádágodo tí a ṣí sílẹ̀ fún ará àdúgbò. Àfiwé náà dára fún ìfipamọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà lórí ìbuwọ́lù. Òǹtẹ̀ ló yẹ ká fi kọ́kọ́rọ́ àdáni wé níbẹ̀, ká sì fi ti gbangba wé awò tí gbogbo èèyàn fi ń yẹ òǹtẹ̀ wò.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó gba Thunderbird, ètò tí a fi ń ka ímeèlì, sórí kọ̀ǹpútà. Láti 2020 ni ètò kọ́kọ́rọ́ ti wà nínú rẹ̀. Kó ní kó ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun fún àdírẹ́sì òun, kó fún un ní ọjọ́ tí yóò kú, ọdún mẹ́ta tó. Kó ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ àdáni sórí fílááṣì, kó fi pásíwọọ̀dù gígùn dè é, kó sì gbé fílááṣì náà síbi tí ìwé ilẹ̀ wà. Kó tún ṣe ìwé ìfagilé, tí yóò fi sọ fún ayé pé kọ́kọ́rọ́ náà ti bàjẹ́ bí olè bá gbé e. Lẹ́yìn náà, kó ṣètò rẹ̀ kí gbogbo lẹ́tà máa jáde pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Ẹni tó jẹ́ pé fóònù Android nìkan ló ní lè lo K-9 Mail pẹ̀lú OpenKeychain. Ọ̀sán kan ti tó fún gbogbo èyí.

Òfin ilẹ̀ wa kò kọ irú ìbuwọ́lù bẹ́ẹ̀: òfin ẹ̀rí ti 2011 gbà á. Àmọ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 yọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ímeèlì pín ogún.

Ohun kan ló kù, òun sì ni òwe wa dúró dè láti ìbẹ̀rẹ̀. Báwo ni akọ̀wé ní London ṣe máa mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ gbangba tó gbà jẹ́ ti alága? Olè náà lè ṣe kọ́kọ́rọ́ kan, kó fi orúkọ alága sí i. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtẹ̀ka tirẹ̀, nọ́ńbà àti álífábẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 40, tí a pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó, kí ọ̀kan máa kà á látinú ìwé, kí èkejì máa wo tirẹ̀. Thunderbird fúnra rẹ̀ máa ń béèrè pé ṣé ẹ ti fi ojúkojú yẹ ìtẹ̀ka náà wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà nígbà náà: ẹ̀ẹ̀kan péré ni ojú máa rí ojú, lẹ́tà ọdún mẹ́ta á sì máa jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí, tí wọ́n ń tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” láìrí ẹnikẹ́ni. Gbogbo làálàá yòókù di asán fún irú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ìbàràpá tó wà lẹ́yìn odi, tí ẹ bá ń bọ̀ wálé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ẹ tẹ ìtẹ̀ka kọ́kọ́rọ́ yín sórí ìwé kékeré kan, ẹ fi sápò. Kí ẹ tó padà, ẹ jókòó ti alága àti akápò, ẹ kà á sí wọn létí, kí àwọn náà ka tiwọn sí yín.