Kì í Ṣe “Àìsàn Ránpẹ́”: Ìtàn Bí Jẹjẹrẹ Ṣe Di Ọ̀rọ̀ Tí Èèyàn Ń Sọ Síta



Ẹ wo àwọn ìkéde òkú tó ń wọlé sórí gúrúùpù wa. Orúkọ wà níbẹ̀, fọ́tò wà níbẹ̀, ọjọ́ ìsìnkú àti aṣọ ẹbí wà níbẹ̀. Tó bá wá kan ohun tó pa olóògbé, gbólóhùn kan náà ni: “lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́.” Bẹ́ẹ̀, àìsàn náà lè ti gba ọdún mẹ́ta, kí wọ́n ti ta ilẹ̀, kí wọ́n ti ta mọ́tò sí i. Ìyẹn kì í ṣe ránpẹ́. Nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ ni, a kàn fi ránpẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ ká wo ìtàn díẹ̀, torí pé ìtàn fi ohun kan hàn: ìrànlọ́wọ́ fún aláìsàn jẹjẹrẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá dárúkọ àìsàn náà síta.

Ìwé àkọsílẹ̀ Ìbàdàn

Láyé ìjọba òyìnbó, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé jẹjẹrẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí kò dé ọsibítù, ta ló máa kà á? Ní 1957 ni wọ́n ṣí UCH ní Ìbàdàn. Nígbà tó di 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ àwọn tí jẹjẹrẹ mú nínú ìlú Ìbàdàn sínú ìwé: irú èyí tó jẹ́, ọjọ́ orí ẹni náà, akọ tàbí abo. Edington àti Maclean ṣe ìṣirò ti 1960 sí 1963, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ àti ti ọmú wà lára àwọn obìnrin wa. Èyí tó máa ń wú àwọn ọmọdé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí Denis Burkitt ṣàlàyé ní Uganda ní 1958, wà ní Ìbàdàn náà. Àṣé ó ti ń pa wá tipẹ́, a kò kà á ni.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í lọ kí aláìsàn nílé. Iṣẹ́ yẹn kù.

Àwọn tó kọ́kọ́ lanu

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọmú fún obìnrin kan, Terese Lasser. Nígbà tó gbádùn, ó rí i pé kò sẹ́ni tó sọ fún òun bí òun ṣe máa gbé apá sókè, tàbí irú aṣọ tí òun lè wọ̀. Ní 1952, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ bá àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Inú àwọn dókítà kan kò dùn sí i. Kò dúró. Ní 1969, ẹgbẹ́ ńlá tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ lọ́hùn-ún gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Ní 1974, Betty Ford, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà, jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé wọ́n gé ọmú òun nítorí jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ obìnrin sì sáré lọ ṣe àyẹ̀wò.

Lọ́dọ̀ tiwa, Ẹ̀bùnọlá Anozie dá C.O.P.E. sílẹ̀ ní Èkó ní 1995. Ní 1997, Betty Anyanwu-Akeredolu, ọmọ Ímò tó fẹ́ ará Ọ̀wọ̀, dá BRECAN sílẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú ti mú òun fúnra rẹ̀ rí. Nígbà náà, ẹni tó bá ní in, inú yàrá ló ń wà. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní wọ́n ṣépè fún òun ni, àwọn kan ń bẹ̀rù kí ọkọ má baà kọ ọmọ wọn. Obìnrin yìí dìde, ó ní: èmi nìyí, mo ní in, mo ṣì wà láàyè. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti la iná kọjá yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìwé ìpolongo.

Àwọn ọkùnrin náà ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa Gani Fawehinmi ní 2009. Nígbà tí Gómìnà Rótìmí Akérédolú kú ní oṣù Kejìlá 2023, ìjọba Òǹdó sọ ọ́ gbangba pé jẹjẹrẹ púròsítéètì ni, wọn ò fi ránpẹ́ bò ó. Ọ̀wọ̀ ò jìnnà sí wa, ọ̀nà Àkókó la máa gbà débẹ̀.

Kí ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹlòmíì á ní: “Tí ẹ ò bá fún mi lówó oògùn, kí lẹ fẹ́ ṣe fún mi?” Ohun tí wọ́n ń ṣe pọ̀. Wọ́n ń kọ́ni ní àmì: kókó inú ọmú tí kò dunni, torí àìdunni rẹ̀ gan-an ló ń mú èèyàn fi í sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń wá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró. Wọ́n ń sọ pé jẹjẹrẹ kì í ràn bí ikọ́ fée, kí a má sọ abọ́ aláìsàn lọ́tọ̀. Wọ́n ń sọ ibi tí a ó lọ, kí èèyàn má fi oṣù mẹ́fà káàkiri. Wọ́n sì ń fi ẹni tó ti gba ìtọ́jú rí mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára, ìrora nìkan tó ọ̀ràn. Ní UCH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló jà fún un pé kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí oògùn ìrora gidi gbà, kí wọ́n sì máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé.

Gbẹ̀dẹ̀ ńkọ́?

Ìṣòro tiwa ni ọ̀nà jíjìn. Ìtọ́jú onítànṣán kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ojoojúmọ́ ni, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ti Ayétòrò lọ sí Ìbàdàn, Èkó tàbí Abuja, níbo ló máa sùn? Àwọn kan ti pa ìtọ́jú tì nítorí ibùsùn, kì í ṣe nítorí oògùn.

Ọ̀kan sì wà tí a lè dènà. Harald zur Hausen ará Jámánì fi hàn pé kòkòrò HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹwàá 2023, ó kan Kogí ní 2024. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Àwọn kan ń pín in kiri lórí fóònù pé ó ń sọ ọmọ di àgàn. Irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́.

Àbá mi fún ìpàdé tó ń bọ̀ jẹ́ mẹ́ta. Èkíní, kí ẹ̀ka wa ní Ìbàdàn, Èkó àti Abuja kọ orúkọ àwọn ọmọ ìlú tó lè gba aláìsàn sílé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èkejì, kí àwọn tó ti la jẹjẹrẹ kọjá, tí wọ́n bá fẹ́, jẹ́ kí á máa fún ẹni tuntun ní nọ́ńbà wọn. Ẹ̀kẹta, kí nọ́ọ̀sì àti dókítà ọmọ wa máa fi wákàtí kan dá àwọn ìyá àti bàbá lẹ́kọ̀ọ́ nígbàkigbà tí a bá wálé ọdún, ní èdè wa.

Èyí kì í ṣe àṣà àjèjì. Àwọn bàbá wa ń ṣe àáró, wọ́n ń ṣe ọ̀wẹ̀: oko ẹni tó ń ṣàìsàn kì í di igbó lójú ará ilé. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe ọ̀wẹ̀ fún oko tí olóko fi pamọ́. Ẹ jẹ́ ká máa sọ ọ́, ká lè ran ara wa lọ́wọ́.

Gbẹ̀dẹ̀ á tòrò o.