Ìyípo Àwo àti Ohùn Yorùbá: Ohun Tí Giramafóònù Kọ́ Wa

Jákèjádò ilẹ̀ kòkó Yorùbá, tí Òrè, Odigbo àti Ajue wà nínú rẹ̀, giramafóònù jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí àgbẹ̀ tó rí tajé ṣe máa ń fi owó kòkó rà. Kò nílò iná ìjọba. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Nítorí náà ni orin àwo fi dé abúlé ṣáájú iná mànàmáná. Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá ṣe yí àwo ni etí ṣe ń gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì kan èdè Yorùbá ju ọ̀pọ̀ èdè lọ.

Ní àwọn ọdún 1920, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọ orin ìyìn lédè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1936, Túndé King gbé àwo orin jùjú jáde lábẹ́ Parlophone. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń tẹ irú àwo bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá sí Èkó. Oje kòkòrò tí wọ́n ń pè ní shellac wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é: ó le, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó fọ́ nìyẹn.

Sípíríǹgì ló ń yí ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Bí sípíríǹgì bá ṣe ń tú ni agbára rẹ̀ ń dínkù, nítorí náà wọ́n fi ìjánu sí i: òṣùwọ̀n kéékèèké mẹ́ta tó máa ń tàn sóde bí ẹ̀rọ bá yára jù, tí yóò sì fà á sẹ́yìn. Bí ọ̀rá inú ìjánu yìí bá gbẹ, tàbí tí ẹni tó ń yí i bá gbàgbé, orin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Abẹ́rẹ́ irin rẹ̀ náà gba ìtọ́jú. Ojú àwo kan ṣoṣo ló yẹ kó kọ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́ owó abẹ́rẹ́ ń fi abẹ́rẹ́ tó ti kú gbẹ́ orin kúrò lójú àwo.

Èdè wa ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyípo yìí ṣe pàtàkì. Ohùn nìkan ló ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ bá kàn yára jù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ohùn ni yóò jọ gòkè: àgbà yóò máa dún bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, tòkè ṣì wà lókè. Ewu gidi wà nínú ẹ̀rọ tó ń yára tó sì tún ń falẹ̀ láàárín gbólóhùn kan. Akọrin ṣì ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì tí olùgbọ́ lè dì mú. Gángan kò ní ju ohùn lọ. Nínú àwo àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, bí ìyípo bá ń mì, ọ̀rọ̀ tí onílù ń sọ lè dàrú pátápátá.

Àwo oníìyípo 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, ti 45 sì tẹ̀ lé e ní 1949. Báyìí ni ẹ̀rọ oníbátìrì àti ti oníná ṣe rọ́pò sípíríǹgì, wàhálà mìíràn sì dé. Bátìrì tó ń kú lọ ń fa orin sẹ́yìn. Iná Nàìjíríà ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Amẹ́ríkà ń lù ní 60. Tiransifọ́mà lè sọ fóltì 240 di 110, kò lè sọ 50 di 60. Ẹ̀rọ láti Amẹ́ríkà tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlù iná yóò máa yí àwo 33⅓ ní nǹkan bí ìgbà 28 péré.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Bébà róbótó tó ní àmì 180 yíká etí rẹ̀ ni a ń gbé sórí àwo 33⅓, lábẹ́ gílóòbù tó ń ṣẹ́jú pẹ̀lú iná ìjọba. Bí àmì bá dúró jẹ́ẹ́, ìyípo pé. Bí wọ́n bá ń rìn síwájú, ó yára jù. Bí wọ́n bá ń padà sẹ́yìn, ó falẹ̀. Kí a má lo iná jẹnẹrétọ̀ fún àyẹ̀wò yìí, torí bí jẹnẹrétọ̀ bá rẹ̀, gílóòbù àti mọ́tò lè jọ falẹ̀, àmì yóò sì dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan. Rọ́bà tó ti nà ni kí a pààrọ̀. Tábìlì gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Apá ẹ̀rọ ń yí láti orígun kan, nítorí náà ibi méjì péré lójú àwo ni abẹ́rẹ́ ti lè bá ipa orin mu gẹ́gẹ́. Síún orí abẹ́rẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn ló ń mú un débẹ̀. Ọ̀pọ̀ orí abẹ́rẹ́ òde òní kò fẹ́ ju ìwúwo gíráàmù kan àbọ̀ sí méjì àbọ̀ lọ. Èyí tó fúyẹ́ jù náà ń ba àwo jẹ́, torí ó ń fò kúrò lójú ipa rẹ̀.

Lóde òní, àwọn ènìyàn ń kó àwo àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Nígbà tí àwo bá ti fọ́, ẹ̀dà yìí nìkan ni yóò kù. Kì í ṣe gbogbo àwo tí a ń pè ní 78 ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní 78 gan-an. Àwọn kan falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn yára jù. Ẹni tó bá fi ìyípo tí kò tọ́ kó wọn wọlé ti fún àwọn baba wa ní ohùn tí wọn kò ní rí. Àwọn àgbà tó gbọ́ àwọn olórin wọ̀nyí lójúkorójú, tó lè sọ pé ohùn lágbájá kọ́ nìyí, ń dínkù lójoojúmọ́. Kí a pè wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ náà kí a tó tẹ bọ́tìnì.